Ojú Ẹlòmíì Kì í Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́ Ìròyìn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Ayàwòrán ni mí, iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Mo ń ya ojú àwọn tó bá pè mí, mo sì tún ń ya fọ́tò tí mo ń kó lọ sí àwọn ilé ìtajà àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí oníròyìn, àwọn tó ń polówó ọjà àti àwọn tó ń ṣe ìwé ti ń rà wọ́n. Stock ni àwa tí a wà nídìí rẹ̀ ń pè é. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i nínú àwọn ìwé ìròyìn, tí wọ́n á gbé ojú ẹnìkan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sí orí ìròyìn olè, ìròyìn àrùn tàbí ìròyìn ilé tó tú, tí kò sì ní sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ fọ́tò náà tó máa sọ fún òǹkàwé pé ẹni yìí kọ́ ni ìròyìn ń bá wí. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá a dúró. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí fọ́tò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn kó tó dé orí tábìlì yín, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ya ojú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kámẹ́rà olówó ńlá ló ń ṣe é. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó síwájú kámẹ́rà, ojú tó máa ń gbé wá kì í ṣe ojú rẹ̀ gan-an, ojú tó rò pé fọ́tò ń fẹ́ ni. Á pa ẹnu dé, á gbé àgbọ̀n sókè, èjìká rẹ̀ méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Bí mo bá ní kó rẹ́rìn-ín, eyín nìkan ló máa rẹ́rìn-ín, ẹyinjú ò ní bá a dá sí i. Nítorí náà n kì í pàṣẹ ẹ̀rín fún ẹnikẹ́ni. Màá béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, màá jẹ́ kó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa, torí ẹni tó bá ń ṣàlàyé iṣẹ́ tó mọ̀ kì í rántí àgbọ̀n rẹ̀. Màá máa tẹ kámẹ́rà lọ ní tèmi. Tó bá yá, èjìká á sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ tó ti dì mọ́ra á tú, ẹni náà á mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó wù mí jù ni ti ojú fèrèsé tí oòrùn kò ràn sí tààrà. Màá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá ní kí ẹni náà yíjú díẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, màá wá gbé pátákó funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí òjìji abẹ́ imú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà ṣú jù. Bó bá jẹ́ iná ni mo fẹ́ lò, mo mọ̀ pé tí mo bá sún un sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì ibi tó wà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa kù tí yóò máa bà lé ojú náà. Lẹ́ńsì 85mm ni mo sábà ń lò, kí n lè dúró sí ọ̀ọ́kán tó yẹ. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà lọ sí abẹ́ imú ènìyàn, imú náà á tóbi, etí á sá sẹ́yìn, ẹni náà ò sì ní dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹyinjú tó bá sún mọ́ mi jù ni mo ń fẹ́ kó hàn kedere jù lọ. Mo tún máa ń wò ó bóyá fèrèsé yọ nínú rẹ̀ bí àmì funfun kékeré, torí ojú tí kò bá ní àmì yẹn kì í ní ẹ̀mí nínú fọ́tò.

Àwa aláwọ̀ dúdú tún ní tiwa lọ́tọ̀. Ohun tó ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà gbà pé gbogbo nǹkan tó wà níwájú òun, tí a bá pò ó pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Bí ẹni dúdú bá wọ aṣọ funfun, aṣọ ni kámẹ́rà á máa wò, ojú á rì sínú òkùnkùn. Bó bá jẹ́ ojú dúdú nìkan ló gba inú fọ́tò, kámẹ́rà á fẹ́ sọ ọ́ di eérú, á sì bó àwọ̀ rẹ̀ dànù. Èmi ojú ni mo máa ń fi díwọ̀n, màá pa ti kámẹ́rà tì. Nígbà ayé fíìmù, ọ̀rọ̀ náà burú ju báyìí lọ. Káàdì tí Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá àwọ̀ pé, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, ara obìnrin náà ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n ara gbogbo ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè mọ̀ pé nígbà tí ẹ bá rí ojú dúdú tó jáde dáadáa nínú fọ́tò, tí iwájú orí ń dán, tí ìsàlẹ̀ ojú kò ṣú, ẹnìkan ló fara balẹ̀ jókòó tì í. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wa ló sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi sì ni láti má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sọnù.

Fọ́tò tí ènìyàn pè mí wá yà, ó ti mọ ògiri tó fẹ́ gbé e kọ́ sí. Stock kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni màá ronú ohun tí ẹnìkan tí mi ò mọ̀ lè máa wá lọ́la: ìyá tó ń kọ́ ọmọ níwèé, dókítà tó di ọwọ́ aláìsàn mú, àgbàlagbà tó ń ka lẹ́tà. Màá fi àyè sílẹ̀ lápá kan kí ẹni tó bá rà á lè rí ibi kọ ọ̀rọ̀ sí. Màá yọ gbogbo àmì ilé iṣẹ́ kúrò lára fóònù, lára bàtà, lára bọ́tìnì aṣọ pàápàá, torí wọn ò ní gbà á bí wọ́n bá rí i. Màá fẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí màá fi lè ka irun ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣàwárí kàn, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá fọ́tò lè tẹ̀ kó tó rí i. A lè kọ bí àádọ́ta sí ìdí fọ́tò kan. Ní Adobe Stock, ọ̀kan lára àwọn ilé ìtajà náà, mẹ́wàá tó ṣíwájú ló ṣe pàtàkì jù. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ṣọ́ra jù lọ, torí ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ síbẹ̀ ni yóò pe ẹni tó máa rà á wá. Fọ́tò àgbàlagbà tó fọwọ́ lérán, mo lè kọ "ìrònú" sí i, mo lè kọ "sùúrù". N kì í kọ orúkọ àrùn sí ara ẹni tí ara rẹ̀ le, mi ò sì ní kọ "ọ̀daràn" sí ara ẹni tó fi inú dídùn jókòó fún mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kọ ọ́ torí pé ó ń tà. Ìwà burúkú ni, mi ò sì ní fi bò.

Kí fọ́tò tí ojú ènìyàn hàn nínú rẹ̀ tó lè ṣeé fi polówó ọjà, ẹni náà gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ìwé ìyọ̀ǹda. Bó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Fọ́tò tí kò bá ní ìwé yìí, fún ìròyìn àti ẹ̀kọ́ nìkan ni. Mo máa ń ka ìwé náà sókè fún ẹni tó bá jókòó, ní Yorùbá, mi ò sì ní kánjú kà á. Ìyá àgbà kan wà tó ń ránṣọ. Bí mo ṣe kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní:

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n lè fi ojú mi ta oògùn?"

Mo ní, "Wọ́n lè fi polówó oògùn, mà. Wọn ò kàn gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀yin lẹ ní àìsàn náà."

"Ta ni yóò máa ṣọ́ wọn?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní òfin wà ní ilé ìtajà àwòrán, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé fọ́tò kọ̀ọ̀kan kiri ayé. Màmá rò ó díẹ̀, wọ́n ní kí n ya ọwọ́ àwọn àti abẹ́rẹ́ fún títà, kí n fi ojú àwọn sílẹ̀ fún ilé àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe. Fọ́tò ọwọ́ yẹn ń tà títí di òní: òwú pupa tó ń gba ihò abẹ́rẹ́ kọjá, àtàǹpàkò tí orí rẹ̀ ti yi níbi tí irin ti ń gún un láti ìgbà èwe, èékánná tí a gé wálẹ̀ kó má baà máa fa aṣọ ya. Ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ni ọwọ́ náà. Kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí màmá lójú pópó nítorí rẹ̀.

Olóòtú, ìbéèrè màmá yẹn ni mo gbé wá bá yín. Nígbà kan, ẹnìkan ń ṣọ́ wọn. Títa àwòrán tí a ti yà sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun; Otto Bettmann, tó sá kúrò ní Jámánì nígbà ìjọba Hitler, dá ilé àkójọ àwòrán tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1936. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ra irú àwòrán bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, bó ṣe máa tóbi tó lójú ìwé, àti bó ṣe máa pẹ́ tó níta, torí orí ìyẹn ni wọ́n ń gbé iye owó kà. Owó ló bí ìbéèrè náà, kì í ṣe àánú. Síbẹ̀ ó ń dáàbò bo ojú ènìyàn, torí ẹni tó ń tà á lè sọ pé rárá. Nígbà tó yá, àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í dé: iStockphoto dé ní 2000, Shutterstock dé ní 2003. Owó fọ́tò já wálẹ̀, ọ̀nà títà náà sì yí padà: sanwó lẹ́ẹ̀kan, kó o máa lò ó lọ. Ní 2006, Getty Images, ilé ìtajà àwòrán ńlá kan, ra iStockphoto ní mílíọ̀nù 50 dọ́là. Nígbà tó sì di 2020, Getty Images fúnra rẹ̀ pa ọ̀nà àtijọ́ yẹn tì fún àwọn fọ́tò rẹ̀ tí kì í ṣe ti ìròyìn. Oníbàárà á tẹ bọ́tìnì, fọ́tò á wọlé, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ohunkóhun. Ọdún 2020 yẹn náà ni Shutterstock yí ìpín àwa ayàwòrán padà sí láàárín 15 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, tí gbogbo wa sì ń padà sí ìpín tó kéré jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, débi pé fọ́tò kan lè mú sẹ́ǹtì 10 péré wá. Sẹ́ǹtì 10, lórí ojú ẹni tó fi odidi òwúrọ̀ jókòó fún wa! Ohun tó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì dínwó tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń rà á kì í ka òfin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ibẹ̀ wá. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó fún mi. Awò ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó fi ìka méjì di etí ìwé kan mú, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan nínú ọkàn rẹ̀. Bàbá tọwọ́ bọ ìwé, ẹlẹ́rìí tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbé fọ́tò náà lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ní bàbá mi jí?" Ìwé ìròyìn kan ti gbé fọ́tò náà sí orí ìròyìn akọ̀wé kan tó kó owó àwọn òṣìṣẹ́ jẹ. Orúkọ akọ̀wé wà nínú ìròyìn, ojú bàbá olùkọ́ ló wà lókè rẹ̀, kò sì sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀.

Mo pè wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní àwọn ti sanwó fọ́tò, kí ni mo tún ń wá? Mo ka ibi tó wà nínú àdéhùn lílò fún un, ibi tí wọ́n ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹni inú fọ́tò hàn bí ọ̀daràn. Ó ní òun ò rí i rí, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ilé ìtajà àwòrán kọ̀wé sí wọn, wọ́n yọ ọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó yọ ọ́, àwọn ènìyàn ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp, ibẹ̀ sì ni àwọn tí bàbá kọ́ níwèé ti rí i. Àwọn kan pè é láti bi í bóyá lóòótọ́ ni. Àwọn tí kò pè ló dùn ún jù, torí kò mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Bàbá ò bínú sí mi. Ó kàn ní kí n bá òun yọ gbogbo èyí tó kù kúrò lọ́jà, mo sì yọ wọ́n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó ti rà á ṣáájú ò ní dá a padà o, torí àṣẹ tó rà kì í sábà ní ọjọ́ tó ń parí.

Kì í ṣe bàbá nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2013, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ New York gbé fọ́tò ọ̀dọ́bìnrin kan sínú ìpolówó tó ń sọ nípa ẹ̀tọ́ àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ọmọ náà kò ní kòkòrò yìí. Ìròyìn tí kò jẹ mọ́ àìsàn rárá ni wọ́n tìtorí rẹ̀ yà á, kò sì tọwọ́ bọ ìwé kankan pé kí wọ́n tà á. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre.

Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé kí a kúkú jẹ́ kí ẹ̀rọ AI máa ya ojú tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, wàhálà á tán. Kò ní tán. Adobe fi fọ́tò inú Adobe Stock kọ́ Firefly, ẹ̀rọ AI tirẹ̀ tó ń ya àwòrán. Getty Images pe Stability AI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, lẹ́jọ́ ní 2023 pé ó kó fọ́tò àwọn láìgba àṣẹ láti fi kọ́ ẹ̀rọ. Lára ojú àwọn tó jókòó fún wa ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń mú ojú tó ń gbé jáde, ìwé ìyọ̀ǹda tí àwọn yẹn tọwọ́ bọ̀ nígbà náà lọ́hùn-ún kò sì dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Nínú ìwé ìròyìn, ó tún burú sí i: òǹkàwé á rí ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn, á gbà pé ẹni náà wà láyé, pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí i.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná yín ní ohun tó pọ̀. Bó bá jẹ́ stock lẹ gbé síta, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi tí àgbàlagbà á fi lè kà á, pé àwòrán àpèjúwe ni, ẹni inú rẹ̀ kò sí nínú ìròyìn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìtajà náà ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé dandan ni fún ìròyìn àìsàn àti irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń to ojú ewé ka àdéhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan, kó ka ibi tó sọ nípa ẹni inú fọ́tò, kì í ṣe ibi tó sọ nípa owó nìkan. Ẹ kọ orúkọ ayàwòrán sí i pẹ̀lú, torí ọmọ bàbá olùkọ́ kì bá tí mọ ibi tó máa gbà bí kò bá mọ̀ pé èmi ni mo yà á, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò sì mọ ayàwòrán kankan tí wọ́n lè pè.

Ìròyìn olè, ìròyìn ìfipábánilòpọ̀, ìròyìn àrùn tó ń ti ènìyàn lójú, ní tèmi o, kò yẹ kí ojú stock kankan wà lórí wọn rárá, ì báà ní àlàyé lábẹ́. Òǹkàwé kì í ka ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kó tó wo fọ́tò. Ẹ lo ọwọ́, ẹ lo ẹ̀yìn ènìyàn, ẹ lo ìlẹ̀kùn tí a tì, ìwé tí a to jọ, àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Wọ́n wà lọ́jà lọ́pọ̀ yanturu, iye tí ẹ ń ra ojú náà ni ẹ máa rà wọ́n.

Òǹkàwé tó bá sì rí ojú ara rẹ̀ tàbí ti ẹbí rẹ̀ níbi tí kò yẹ, kó má ṣe sá pamọ́. Kó ya àwòrán ojú ewé náà sórí fóònù kí wọ́n tó yọ ọ́, kí ọjọ́ àti orúkọ ìwé ìròyìn hàn níbẹ̀. Kó fi fọ́tò náà ṣe ìwádìí lórí Google Images kó lè mọ ilé ìtajà tó ti wá. Kó wá kọ̀wé sí ilé ìtajà náà àti sí olóòtú lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n máa ń tètè dá ẹni tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́, màá túmọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda tí mò ń lò sí Yorùbá tó já geere, màá fi ránṣẹ́ sí yín lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹni tí ayàwòrán bá fẹ́ yà lè mọ ohun tí wọ́n ní kí òun tọwọ́ bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ayàwòrán tó ń ka ìwé ìròyìn yín